Àlejò Aláìlẹ́nu

Ẹ jókòó. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe, kí ó lọ mu omi kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wúkọ́ sí àárín ọ̀rọ̀ yìí. Èmi Ọdẹ́rìndé, ọdẹ Òkè-Apárò, n kì í sọ ìtàn kí àwọn ènìyàn lè fi sùn. Ìtàn tèmi a máa jí ènìyàn. Mo ti pa ẹfọ̀n nínú kòtò. Èmi àti òjòlá ti jọ du ihò kan ṣoṣo nígbà òjò, òjòlá ló sì jáde fún mi. Má rẹ́rìn-ín, Ṣógbàmú. Bí ọ̀rọ̀ mi bá dùn ọ́, wá fi àpá tìrẹ hàn wá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n ni mo fẹ́ sọ. Ẹranko ńlá kì í ba ọdẹ lẹ́rù, nítorí ọdẹ á ti rí i kí ó tó dé. Ohun tí ojú kò rí ni kí ọdẹ bẹ̀rù. Èyí tó lé mi wọ igbó lọ́dún náà kéré ju erùpẹ̀ lọ. Ọ̀fìnkìn ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ mọ Àwẹ̀ró, ọmọ Ṣíjúadé ọmọ mi obìnrin. Kí eyín rẹ̀ tó pé ni gìrì ti kọ́kọ́ gbé e. A rò pé gìrì lásán ni, irú èyí tí í ṣe ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná jù, tí ó sì máa ń lọ bí ó ṣe wá. Ṣùgbọ́n èyí lọ, ó tún padà, ó sì ń wá nígbà tí ara ọmọ tutù pàápàá. Ojú rẹ̀ á yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n, itọ́ á máa hó lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn wa ló sọ orúkọ rẹ̀ fún wa láìfi bò: wárápá ni. Ó fún wa ní oògùn olómi tí ọmọ yóò máa lò láràárọ̀ àti lálaalẹ́. A ń fún un. Ìyá àgbà rẹ̀, Ayélàágbé aya mi, ló gba ṣíbí náà sọ́wọ́, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bu oògùn náà. Ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ó ń sáré lé adìyẹ, ó sì ń bá mi wí bí mo bá pẹ́ lóko.

Ohun kan ló kù. Bí ọ̀fìnkìn bá ti wọ agboolé, bí ọmọ kan bá ti sín ní ìta tí imú rẹ̀ ń ṣàn, kò ní pẹ́ tí ara Àwẹ̀ró á fi gbóná, wárápá á sì dé. Àwọn ọmọ yòókù á nu imú, wọ́n á tún máa ṣeré lọ. Tiwa á ṣubú láàárín wọn. Bí ó bá sì ti ṣubú, agbo á tú. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ, pé ẹni tí itọ́ yẹn bá kàn lára, wárápá ti kàn án. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì ti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn kì í dúró gbọ́ ohun tí etí wọn gbọ́. Ìyá á gbé ọmọ tirẹ̀ sá, bàbá á ní òun ń bọ̀. Ọmọ mi á sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ bí aṣọ tí atẹ́gùn já bọ́ lórí okùn.

Mo bi nọ́ọ̀sì pé kí ló so ọ̀fìnkìn pọ̀ mọ́ wárápá. Ó ní kòkòrò kan ni, tí ojú kò lè rí, tí í bá èémí ọmọ kan wọ inú ọmọ mìíràn. Òun ló ń mú ara gbóná, ìgbóná yẹn ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún èyí tó wà lẹ́yìn.

"Ẹ má jẹ́ kí oògùn rẹ̀ já, Bàbá. Bí ara bá ń gbóná, ẹ bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ẹ fún un lómi. Bí ó bá dé, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí kò bá sì tètè dáwọ́ dúró, ẹ gbé e wá kíákíá."

"Kòkòrò tí ojú kò rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Tó sì ń rìn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ń rìn dáadáa."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dìde. Ohun tó bá ń rìn, ó ní ẹsẹ̀. Ohun tó bá ní ẹsẹ̀, yóò fi ipa sílẹ̀. Ta ló ń tọ ipa ní Òkè-Apárò bí kò ṣe èmi?

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo da eérú sí ẹnu ọ̀nà ilé mi, tínrín, bí ìgbà tí a bá fẹ́ mọ ẹran tó ń jẹ iṣu lóko. Ọ̀sán gangan ni, ìgbà tí òjìji ènìyàn ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ń wò. Mo gbọ́ ohùn ọmọdé kan lẹ́nu ọ̀nà.

"Àgò onílé o!"

Wọ́n dá a lóhùn láti inú ilé pé, "Àgò yà!" Ta ni a tọ́ dáadáa tí kì í dáhùn àgò? Ṣùgbọ́n n kò rí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Mo kàn gbọ́ tí ẹnìkan sín ni. Nígbà tí mo wo eérú, ipa ẹsẹ̀ ọmọdé wà níbẹ̀, kékeré, ìka rẹ̀ pé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ipa mìíràn wà, ó gùn ju tèmi lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì ní ìka kankan.

Kí oòrùn tó yẹ̀ lórí, Àwẹ̀ró ti ṣubú. Nígbà tí ó jí, tí ó ń wò wá bí ẹni tí kò mọ̀ wá, mo rí i pé ipa méjèèjì ti jáde. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò. Ayélàágbé dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Ṣíjúadé, níbo nìyẹn?"

"Mo fẹ́ lọ bá ẹni tó ń wọlé wa."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tí a kò mọ ilé rẹ̀, a kì í bú u."

Bẹ́ẹ̀ ni aya mi rí.

Ipa náà kọjá oko, ó kọjá odò, ó wọ igbó kan tí n kò rí rí, èmi tí mo mọ gbogbo igbó agbègbè wa bí ẹni mowó. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Àwọn igi ibẹ̀ ń wúkọ́. Mo ní wọ́n ń wúkọ́. Ìrókò á wúkọ́ lápá ọ̀tún, ewé rẹ̀ á gbọ̀n, àràbà á sì dá a lóhùn lápá òsì bí arúgbó tó ti pẹ́ lórí ẹní. Kò sí ẹyẹ. Atẹ́gùn tutù nínú imú, ó gbóná lọ́nà ọ̀fun.

Láàárín ọ̀nà ni mo ti bá ọkùnrin kúkúrú kan tí imú rẹ̀ pọ́n. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì dí ọ̀nà.

"Yà fún mi," ni mo wí.

"Bí mo bá yà, méjì ni màá yà sí."

Mo pè é ní àwàdà. Mo fi ìdí ìbọn tì í. Ó sín. Méjì ló wà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, imú wọn pọ́n bákan náà. Inú bí mi, mo yìnbọn. Ọta wọ inú àwọn méjèèjì, ó gba ẹ̀yìn wọn jáde bí ìgbà tí a yìnbọn lu èéfín. Wọ́n sín, wọ́n di mẹ́rin. Mẹ́rin sín, wọ́n di mẹ́jọ. Èmi tí ìbọn mi kì í tàsé! Bí mo ṣe ń yìn ín ni wọ́n ń pọ̀ sí i, títí ọ̀nà fi kún, títí wọ́n fi gun ẹ̀yìn ara wọn bí ikán, gbogbo wọn sì ń fi ohùn kan náà bú mi.

"Ọdẹ aláriwo!"

"Ìbọn tó ń pa ẹfọ̀n, ó wá ń pa atẹ́gùn!"

"Ẹ yìn ín sí i, Bàbá. Àwa kò tíì pé!"

Ṣógbàmú, mo rí ẹnu rẹ tó ń mì. O fẹ́ béèrè pé kí ni mo ṣe.

"Mo fẹ́ béèrè ìdí tí ẹ kò fi sá ni, Bàbá."

Ó dára. N kò sá nítorí pé kò sí ẹ̀yìn mọ́. Wọ́n ti dí ẹ̀yìn náà. Nígbà tí ẹ̀tù mi tán, mo jókòó sílẹ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n, ó rẹ̀ mí ni. Mo mu omi nínú kèrègbè mi, mo fẹ̀yìn ti igi, mo pa ojú dé. Ẹ gbọ́ ohun ìyanu. Bí n kò ṣe bá wọn jà mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Wọ́n ń yán, wọ́n sì ń wọ inú ara wọn lọ bí ìgbà tí a bá ń kó igbá sínú igbá, títí ó fi ku ẹyọ kan. Ó nu imú rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó yà fún mi.

"Ẹ ṣeun tí ẹ lè dúró dè wá títí a fi yán," ni ó wí nígbà tí mo ń kọjá. "Àwọn kan wà tí wọn kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kéékèèké ni."

Mo bojú wẹ̀yìn láti bi í pé kí ni ó wí. Kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìlú tí mo dé lẹ́yìn igbó náà kò ní odi. Òrùlé ilé wọn kò ga ju àyà mi lọ. Ọmọdé ló kún ibẹ̀, wọ́n ń ta òkòtó, wọ́n ń ṣe ẹkùn mẹ́ran, ṣùgbọ́n kò sí ariwo. Ẹ lọ rò ó wò, ìlú tó kún fún ọmọdé tí ń ṣeré tí ẹ kò gbọ́ ohùn kan. Oòrùn dúró gangan láàárín orí, kò sì sí òjìji lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Imú gbogbo wọn ń ṣàn. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n rọ́ yí mi ká, wọ́n ń fi ọwọ́ kéékèèké kàn mí, ibi tí ọwọ́ wọn bá sì kàn á gbóná.

"Ṣé ẹ mú ọmọ wá fún wa?"

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ èyíkéyìí. Ká bá a ṣeré."

Ọmọbìnrin kan fa ẹ̀wù mi nísàlẹ̀. "Ẹ̀yin ni Bàbá Àwẹ̀ró, àbí? Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ da eérú sílẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi fi funfun. Ọ̀rẹ́ mi ni Àwẹ̀ró. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ń bọ̀."

Mo ti wo ojú ẹkùn rí láìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ yẹn pe orúkọ ọmọ mi, irun ara mi dìde lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ fi bàbá sílẹ̀ kó mí," ni ohùn kan wí.

Obìnrin kan jáde láti inú ilé kan. Ara rẹ̀ funfun bí ara ẹni tí kò fi òróró pa á láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ètè rẹ̀ ti là. Bí ó ṣe ń bọ̀ ni òtútù ń ṣáájú rẹ̀.

"Bàbá ọdẹ, ẹ kú ìrìn. Mo gbọ́ pé ẹ lo gbogbo ẹ̀tù yín lórí àbúrò mi. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìnákúnàá ni."

"Ta ni yín, ìyá?"

"Ìyá Ọlọ́yẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Èmi ni mo ni àwọn tí ẹ ń wò yìí."

"Àwọn ọmọ yín ń pa ọmọ mi."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Àwọn ọmọ mi kò mọ pípa. Eré ni wọ́n ń wá kiri. Wọn kò ní bàbá, wọn kò ní oko, wọn kò ní ilé ìwé. Ibi tí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn ọmọdé, wọ́n á lọ, wọ́n á ké àgò, ẹ̀yin náà á sì dáhùn. Wọ́n á ṣeré díẹ̀, wọ́n á padà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti bá ẹ̀yin pàápàá ṣeré rí. Ṣebí imú yín ṣì wà lójú yín?"

"Ẹni tí kò ní ìka ẹsẹ̀ ńkọ́?"

Gbogbo òkòtó ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ dúró. Ìyá Ọlọ́yẹ́ rọra nu ọwọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀.

"Àlọ́ o," ni ó wí.

"Àlọ̀," ni mo fi dáhùn.

"Ó wọlé, kò kí onílé, onílé ló dọ̀bálẹ̀ fún un."

"Oorun ni."

"Oorun ní àbúrò. Ẹ dárúkọ àbúrò rẹ̀."

Mo fẹ́ sọ pé ikú ni, ó yára fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ọwọ́ náà tutù bí òkúta inú odò. "Ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá wo àbúrò."

Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹnìkan jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi imọ̀ ọ̀pẹ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n lórí orúnkún rẹ̀, wọn kò sinmi. Nígbà tí ó yí ojú padà, mo rí i pé funfun nìkan ló wà nínú ojú rẹ̀, bí ojú Àwẹ̀ró nígbà tí ó bá yí sókè. Láti imú rẹ̀ dé àgbọ̀n, kò sí ẹnu. Awọ lásán ni, ó ń dán bí ẹ̀yìn igbá.

"Bí kò ṣe lẹ́nu yìí, kò lè ké àgò," ni Ìyá Ọlọ́yẹ́ wí. "Àwọn ọmọ mi ló ń ké e, òun á sì gba ẹ̀yìn wọn wọlé. Kì í wọ gbogbo ilé o. Ilé tó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni."

"Kí ló ń wá?"

"Kí ni àlejò ń wá? Ó ń wá ẹni tí yóò jókòó tì í. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé báyìí, ará ilé á sá, aládùúgbò á sá, ọmọ nìkan ni wọ́n á fi sílẹ̀ fún un. Àlejò tí wọ́n sá fún, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tó yẹ kó dìde? Kò lẹ́nu tí yóò fi ní òun ń lọ. Á máa jókòó lọ, bẹ́ẹ̀ ìjókòó rẹ̀ wúwo jù fún ọmọ."

"Mo fẹ́ pa á."

"Ẹ̀tù wo lẹ fẹ́ lò?" Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn wa la ẹnu wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, kò dún. "Ẹ jókòó tì í, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká wo ọkàn yín."

Mo jókòó. Mo gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní ọdẹ, ẹ kò tíì gbé ọwọ́ lé nǹkan. Gbígbọ̀n rẹ̀ gba apá mi wọlé, ó mi eyín mi, ó mi egungun ẹ̀yìn mi. Mo rí iná tó ń ṣàn bí omi. Mo gbọ́ tí àwọn òkú ilé wa ń ka orúkọ mi láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, bí ẹni ń ka ìwé tó dorí kodò. Mo fẹ́ sá. N kò gbé ọwọ́ kúrò. Ó pẹ́ púpọ̀ kí gbígbọ̀n náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ bí òjò tó ń dá. Ẹyinjú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, dúdú rẹ̀ yọ, ó sì wò mí. Ó rẹ òun náà. N kò retí pé àánú rẹ̀ yóò ṣe mí, ṣùgbọ́n ó ṣe mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe nílé," ni Ìyá Ọlọ́yẹ́ wí. "Ẹ má sá. Bó bá dìde, kí onílé sìn ín jáde bí wọ́n ṣe ń sin àlejò, kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ sìn ín dé. Ẹ má kọjá ibẹ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Nílùú yín, bí ẹ bá ń sin àlejò lọ sọ́nà, ta ló ń sọ pé ó tó, ẹ padà?"

"Àlejò ni."

"Àlejò tó lẹ́nu ni," ni ó wí, ó sì wọlé lọ.

Mo padà délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ayélàágbé àti Ṣíjúadé. Ṣíjúadé gbà. Ìyá rẹ̀ ni kò gbà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé kò sí àlejò tí í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àna wa a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí Ìyá Ṣíjúadé bá sìn ọ́ délé, ìwọ náà á tún sìn ín padà, ilẹ̀ á sì mọ́ bá yín lójú ọ̀nà.

"Ká sin ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà ká sì dúró?" ni ó wí. "Kí ni ìyẹn fi yàtọ̀ sí pé a lé e?"

"Èyí kì í ṣe ènìyàn."

"Ó ń wọ ilé mi. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ó ń rẹ̀ ẹ́, pé ó ń wá ẹni tí yóò jókòó ti òun. Kí ló wá kù kó tó di ènìyàn, Bàbá Ṣíjúadé?"

"Má kọjá ẹnu ọ̀nà."

"Mo ti gbọ́."

Kò pẹ́, ikọ́ tún gba agboolé kan. Ọ̀sán gangan ni a gbọ́ àgò náà. Lọ́tẹ̀ yìí, a di ẹnu wa, kò sí ẹni tó dáhùn nínú ilé. Àwẹ̀ró tó ń ṣeré ní ìloro ló fi ohùn dídùn dáhùn pé, "Àgò yà!" Àwa la kọ́ ọ. Lójú ẹsẹ̀ ni ó sín.

Ara rẹ̀ gbóná. A bọ́ aṣọ rẹ̀, a fi omi nù ún lára. Ayélàágbé fún un ní oògùn rẹ̀, ó bì í. Ó tún fún un, ó tún bì í. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí. Mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, Ṣíjúadé di orí rẹ̀ mú, mo gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀. Kóyèjọ, aládùúgbò wa, já wọlé pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́ kan àti ìgò àgbo lọ́wọ́ kejì.

"Ẹ ya ẹnu rẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n ki ṣíbí bọ̀ ọ́! Níbo ni iná yín wà, ká na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí i!"

"Kóyèjọ, mú ṣíbí rẹ lọ sílé, kí o fi mu ẹ̀kọ."

"Ọdẹ, ọmọ ń lọ!"

"Bí o bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, jókòó tì í. Bí o kò bá fẹ́, jáde."

Ó wo itọ́ tó ń hó lẹ́nu ọmọ, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó jáde.

Gbígbọ̀n náà kò dáwọ́ dúró. Tàtẹ̀yìnwá, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kí Ṣíjúadé sáré lọ pe ọlọ́kadà kí a lè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ó sáré jáde láìwọ bàtà. Ó ku èmi àti Ayélàágbé nínú ilé, àti ọmọ tí ètè rẹ̀ ti ń dúdú.

"Bàbá Ṣíjúadé," ni aya mi rọra wí, "ta ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín yẹn?"

N kò rí ẹnikẹ́ni ní ẹ̀gbẹ́ mi.

"Ó ga o," ni ó wí. "Ó sì ti rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́." Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní. Ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí àlejò pàtàkì. "Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ kú oòrùn. Ilé yìí gbóná, ẹ má bínú. Ẹ ti jókòó pẹ́."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé lábẹ́ ọwọ́ mi, ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ojú Ayélàágbé gbé sókè díẹ̀díẹ̀, bí ojú ẹni tó ń wo ẹni tó ń dìde. Ó tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró níbẹ̀. Mo rò pé ó ti parí.

Ẹsẹ̀ ọmọ tún gbọ̀n.

"Ó ń bojú wẹ̀yìn," ni Ayélàágbé wí. "Ó fẹ́ padà wọlé."

Gbígbọ̀n náà gun itan ọmọ, ó gun ikùn rẹ̀. Ayélàágbé tún ìró rẹ̀ ró, ó fa ìborùn rẹ̀ sí èjìká, bí ó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni ó wí fún ẹni tó dúró níbẹ̀. "Mo ń sìn yín."

"Ayélàágbé!" N kì í pe orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti bí Ṣíjúadé ni n kò ti pè é. "Ayélàágbé, má kọjá ẹnu ọ̀nà!"

Kò wò mí. Ọmọ ló wò.

"Ẹ má gbé ọwọ́ yín kúrò lára rẹ̀," ni ó wí, ó sì gbé ẹsẹ̀.

Ọwọ́ mi wà lára ọmọ. Mo gbọ́ ohùn aya mi níta, ó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ nípa ọyẹ́, nípa bí ilẹ̀ ṣe gbẹ, títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Àwẹ̀ró mí èémí gígùn kan. Gbígbọ̀n náà dá. Nígbà tí Ṣíjúadé dé pẹ̀lú ọlọ́kadà, ọmọ ti ń sùn, ètè rẹ̀ ti pọ́n padà.

"Màmá dà?"

"Ó sin àlejò lọ," ni mo wí. "Gbé ọmọ, máa lọ."

Wọ́n tọ́jú ọmọ ní ilé ìwòsàn, ó yè. Èmi tọ ipa. Eruku ọyẹ́ kì í purọ́. Ẹsẹ̀ Ayélàágbé ni, mo mọ̀ ọ́n, ìka rẹ̀ tó kẹ́yìn tẹ̀ sínú díẹ̀. Ẹsẹ̀ gígùn aláìníka wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ibi tí ó ti wọ́ ọ. Kò sí ibi tí ó ti sáré. Wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí àwọn tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n kọjá oko, wọ́n kọjá odò. Níbi tí igbó náà wà, ebè ẹ̀gẹ́ ni mo bá, àti àgbẹ̀ kan tó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, kò sí igbó níbẹ̀ rí. Láàárín ebè kan sí èkejì ni ipa wọn tán.

Àwẹ̀ró ń dàgbà. Ọ̀fìnkìn ṣì ń wá bá a ṣeré, ara rẹ̀ á gbóná, a ó bọ́ aṣọ rẹ̀, a ó fún un lómi. Ẹnikẹ́ni kò tún tẹ̀ lé ọ̀fìnkìn wọlé wa. Nọ́ọ̀sì ní oògùn ló ṣe é, ó ní kí a má dá a dúró. N kò bá a jiyàn. Ọwọ́ Ṣíjúadé ni ṣíbí wà báyìí.

Ẹ̀yin àgbààgbà ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ní ó ti pẹ́. Ẹ ní kí n pa ẹran, kí n gbẹ́ ilẹ̀, kí n fi aṣọ rẹ̀ ṣe òkú rẹ̀, kí n sin ín. Nínú ilé mi, ọmọ ló sín, aya mi ló sìn, ẹ̀yin wá ń bá mi sọ ti sin. Kí ni màá sin? Àlejò ni obìnrin yẹn ń sìn lọ́wọ́. Àlejò náà kò lẹ́nu tí yóò fi ní ó tó, òun náà kò sì jẹ́ yí padà láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un, mo mọ̀ ọ́n. Bí ó ṣe ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn, àlejò náà kò lè yà sí ilé wa. Èmi kò ní kó erùpẹ̀ dà sí ọ̀nà ẹni tó ń rìn.

Ọ̀rọ̀ mi pin síbẹ̀. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé, àwọn ọmọ yín ń retí yín. Màá sìn yín. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà, mo bẹ̀ yín, kí ẹnìkan nínú yín la ẹnu rẹ̀, kí ó sọ pé kí n padà.